Ẹ̀rín ń bá oníṣòwò tajà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo eyín ló nílò owó ńlá

Kò sí oníṣòwò tí kò mọ̀ pé ojú ni oníbàárà kọ́kọ́ ń rà kó tó ra ọjà. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Balógun, alága ìdúró tó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ̀rín ni gbogbo wọn fi ń kí oníbàárà káàbọ̀. Bí eyín iwájú bá wá pọ́n, tó dúdú tàbí tó kán, ọwọ́ lonítọ̀hún yóò máa fi bo ẹnu. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tún eyín ṣe fún ẹwà fi ń rí oníbàárà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń polówó iṣẹ́ náà ló kọ́ ọ.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àwọn iṣẹ́ yìí kò dọ́gba. Àwọn kan wà tí kò mú ohunkóhun kúrò lára eyín. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n ní láti ha eyín kí wọ́n tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ èèpo líle tó wà lóde eyín kì í hù padà láéláé.

Èyí tó fúyẹ́ jù fún àpò ni kí wọ́n fọ eyín lọ́sibítù. Ìdọ̀tí tó bá pẹ́ lára eyín a máa le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì kò ní ṣí i, orín ata pàápàá kò ní ṣí i. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ̀n ni wọ́n fi ń tú u, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dán eyín. Àwọ̀ obì, orógbó, tíì àti aṣáà tó lẹ̀ mọ́ òde eyín, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé eyín òun ti bàjẹ́ ló jẹ́ pé ìdọ̀tí lásán ló bò ó. Bákan náà ló ń ran erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ àti ẹnu tó ń rùn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ńlá sì nìyẹn fún ẹni tó ń bá èèyàn dúnàá-dúrà láti àárọ̀ di alẹ́. UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Owó wọn sábà máa ń dín sí ti aládàáni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí oníbàárà múra àtijókòó dúró.

Bí eyín bá ti mọ́ tán tí kò sì tíì funfun tó, oògùn tó ń mú eyín funfun ló kàn. Pẹrọ́sáìdì ni wọ́n ń lò, ó máa ń wọ inú eyín lọ láti pa àwọ̀ ibẹ̀ rẹ́. Omi tútù lè máa ta eyín fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ títí ayé: ẹni tí kò bá jáwọ́ nínú obì àti sìgá yóò tètè padà síbi tó wà. Eyín tó gba àwọ̀ nítorí tẹtirasáíkílìn tí wọ́n fún èèyàn lọ́mọdé kì í tètè gbọ́ oògùn yìí, nítorí àwọ̀ náà ti wà nínú eyín kó tó hù.

Ó yẹ kí àwọn tí mọ̀lẹ́bí ń fi oògùn ìfuneyín ránṣẹ́ sí láti London mọ òfin tó wà lọ́hùn-ún. Láti ọdún 2012, èyí tí pẹrọ́sáìdì inú rẹ̀ bá ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, dókítà eyín nìkan ni wọ́n lè tà á fún. Kò gbọdọ̀ ju ìdá 6 lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ lò ó fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Lọ́dún 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ni mímú eyín funfun, kì í ṣe iṣẹ́ onílé ìṣaralóge. Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́, èédú àti eérú tí àwọn kan fi ń ra eyín nílé, èèpo eyín ni wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí èèpo náà bá sì ti fẹ́lẹ́, àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò yọ síta.

Veneer ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ẹnu jù lọ báyìí. Èèpo pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Pincus ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Hollywood lọ́dún 1928 fún àwọn òṣèré. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ra kí wọ́n tó ya fíìmù, wọ́n á sì yọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe tán. Ìgbà tí Michael Buonocore rí i lọ́dún 1955 pé ásíìdì lè mú kí nǹkan lẹ̀ mọ́ eyín dáadáa ni ọ̀nà là fún veneer tí kì í ṣí. Èyí tí wọ́n fi tánganran ṣe lè lo ọdún 10 sí 15, àmọ́ wọ́n sábà máa ń ha nǹkan bí ìdajì mìlímítà kúrò lára eyín kó tó wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n fi composite ṣe, ìyẹn ohun rírọ̀ tí wọ́n ń fi iná aláwọ̀ búlúù mú le, kò wọ́n tó o. Ìgbà mìíràn wà tí wọn kò ní ha eyín rárá, ṣùgbọ́n ó lè má ju ọdún 5 sí 7 lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ṣe eyín mẹ́fà lónìí ti jẹ gbèsè eyín mẹ́fà sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì yẹ kó jáde látinú owó tí wọ́n fi ń ra ọjà.

Ọ̀rọ̀ èéjí tún wà níbẹ̀. Àwọn kan ń sanwó kí wọ́n dí i, nígbà tí àwọn mìíràn ń sanwó kí wọ́n dá a sí wọn lẹ́nu. Composite lè dí i, wọ́n sì lè yọ ọ́ bí ọkàn oníbàárà bá yí padà. Ti ẹni tó ní kí wọ́n fi fáìlì gé eyín rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí irin bá kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú eyín, eyín lè kú, kó sì dúdú. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní èéjí tó ń fẹ́ dí i kó lè jọ ará Hollywood, kó kọ́kọ́ bi àwọn oníbàárà rẹ̀ léèrè ná.

Àjọ MDCN ló ń forúkọ dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdọọdún ni dókítà sì gbọ́dọ̀ tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Kò sí ìtìjú nínú kí oníbàárà ní kí wọ́n fi han òun. Kó gba ìwé owó pẹ̀lú, kí wọ́n kọ iye eyín, irú ohun tí wọ́n máa lò àti ẹni tí yóò sanwó àtúnṣe bó bá ṣí sínú rẹ̀. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò yìí ti ń wá. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lójú dọ́là ní Oṣù Kẹfà, ọdún 2023, iye tí wọ́n dá ní ọdún tó kọjá kò ṣe é gbára lé mọ́.

Ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ ńkọ́? Eyín àtọwọ́dá tó ṣe é yọ kò wọ́n tó àwọn yòókù, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì lè ti tó láti ṣe é. Implant, ìyẹn irin tí wọ́n ń rì sínú egungun àgbọ̀n, ló wọ́n jù. Ó sì lè gba oṣù 3 sí 6 kí egungun tó dì í mú, kí wọ́n tó gbé eyín lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ fi eyín tuntun ta ọjà Kérésìmesì gbọ́dọ̀ ti rí dókítà rẹ̀ kí oṣù kẹfà ọdún tó parí.