Òkúta òjé tó ń farawé ẹlòmíràn, àti tìróò inú ilé wa

Ọ̀rọ̀ òkúta la gbé wá lónìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníwèé nìkan ni, torí ìyá òkúta yìí lè wà láàárín ohun ìṣaralóge yín.

Mimetite lorúkọ rẹ̀. Òjé àti àsẹ́níìkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òjé, ẹ mọ̀ ọ́n: òun làwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì, òun ló wà nínú bátìrì ọkọ̀, òun náà làwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Àsẹ́níìkì ní tirẹ̀, májèlé ni. Wọ́n fi ń pa eku láyé àtijọ́.

Bí ẹ bá gbé òkúta yìí lọ́wọ́, bó ṣe wúwo ni yóò kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu. Bí ó bá kún igbá kan, yóò wúwo ju omi tó kún igbá kan náà lọ ní ìlọ́po méje. Òkúta ẹ̀bá ọ̀nà wa kì í sábà tó ìlọ́po mẹ́ta. Síbẹ̀ kò le púpọ̀, ọ̀bẹ lè ha á. Òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin, òmíràn pupa díẹ̀ bí epo, ó sì máa ń ní ojú mẹ́fà bíi pẹ́ńsù. Bí iná ẹyín bá ràn án, òórùn áyù ni yóò máa rùn. Ẹ má dán an wò o! Èéfín àsẹ́níìkì nìyẹn.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Beudant, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1832. Ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì ló mú, tó túmọ̀ sí afarawé, torí ó jọ òkúta òjé mìíràn, pyromorphite, débi pé ojú lásán kì í sábà lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Báwo ló ṣe ń wáyé? Nísàlẹ̀ ilẹ̀, òkúta òjé kan wà tó dúdú, tó ń dán, galena. Ìyá nìyẹn. Nígbà míì, òkúta tó ní àsẹ́níìkì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí omi òjò àti atẹ́gùn bá ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, bí àdá tá a gbàgbé sóko ṣe ń dógùn-ún. Omi á gbé díẹ̀ lára òjé, á gbé díẹ̀ lára àsẹ́níìkì, á bá klórínì pàdé, ìyẹn èyí tó wà nínú iyọ̀. Wọ́n á wá dì pọ̀ nínú ihò àpáta. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan náà, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n. Tsumeb ní Namibia wà lára ibi tí wọ́n ti rí èyí tó dára jù.

Ẹ ó ní, kí ló kàn wá nínú òkúta Namibia? Ìyá rẹ̀ ló kàn wá. Galena tí wọ́n lọ̀ kúnná ni púpọ̀ nínú tìróò tí à ń lé sójú. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nínú ìpín 100 tìróò náà, ó lé ní 80 tó jẹ́ òjé.

Ní Zamfara, ní Nàìjíríà, ní 2010, ohun tó ṣẹlẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará abúlé ń gbé òkúta wúrà wálé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọ ọkà lọ̀ ọ́. Òjé wà nínú òkúta náà, òjò àti atẹ́gùn sì ti sọ apá kan rẹ̀ di irú èyí tó tètè ń yọ́ nínú ikùn. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú.

Àwọn àgbà ń sọ pé, “Wọ́n lé tìróò fún àwa náà, a ò kú.” Òótọ́ ni. Àmọ́ òjé kì í fìgbà gbogbo pa èèyàn. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ á máa kàwé kò ní wọlé, a ó ní olódo ni. Ara ọmọdé sì máa ń fa òjé tó gbé mì mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbà. Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á ti ọwọ́ bọ ẹnu, ó parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má lé tìróò fún ọmọ mọ́. Èyí tẹ́ ẹ ti ń lé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo, ẹni tó bá gbé òkúta wúrà wá, iye yòówù kó fẹ́ san, ẹ dá a padà. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ wa wúrà ní Perma ní Atakora, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó gbé ọmọ mọ́ra.