Ipa Iyọ̀ Ilẹ̀ lórí Bí Ìrẹsì Ṣe Ń Gba Oúnjẹ

Ìrẹsì tí a gbìn sí ilẹ̀ oníyọ̀ lè kú ikú ebi lórí ilẹ̀ tí oúnjẹ kún inú rẹ̀. Omi ni ó kọ́kọ́ ń wọ́n ọn. Iyọ̀ a máa fa omi ilẹ̀ mọ́ra débi pé agbára káká ni gbòǹgbò fi ń rí i fà, ewé tuntun kò sì ní fẹ̀ bó ti yẹ.

Ìyà kejì ló gba àlàyé. Sódíọ̀mù jọ pòtásíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bá a du díẹ̀ nínú àwọn ẹnu ọ̀nà tí ó ń gbà wọ gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú ewé. Kilóráìdì náà a máa dí náítírétì lọ́nà. Ewé àgbà, tí sódíọ̀mù ti kó jọ sí, ni ó ń kọ́kọ́ gbẹ. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n Maas àti Hoffman (1977), bí iyọ̀ ilẹ̀ bá ti kọjá 3 dS/m, ìkórè ìrẹsì a máa fi ìdá 12 nínú 100 dín kù fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọkà báálì a fara dà á dé 8.

Ajílẹ̀ pòtásíọ̀mù kilóráìdì kò yanjú ọ̀ràn yìí, iyọ̀ ni òun náà. Kálísíọ̀mù ńkọ́? LaHaye àti Epstein (1969) fi hàn pé ó dáàbò bo ẹ̀wà. Lára ìrẹsì, Yeo àti Flowers (1985) kò rí irú ipa bẹ́ẹ̀: apá kan sódíọ̀mù ń gba àárín sẹ́ẹ̀lì wọ gbòǹgbò rẹ̀, láìkan awọ tí kálísíọ̀mù ìbá ràn lọ́wọ́.