Ọyẹ́ Dé: Ẹ Mọ Oògùn Tí Kì Í Mú Awakọ̀ Tòògbé

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ọyẹ́ máa ń jà ní Òkè Ọya. Afẹ́fẹ́ a gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá ti agbègbè Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, wá sí Kánò àti Màídúgùrì. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Oòduà tí ó ń ṣiṣẹ́ ajé níbẹ̀ máa ń sín léraléra. Omi a máa dà ní imú wọn, ojú a sì máa yún wọn.

Kì í ṣe òtútù ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn, ara ni ó kọ eruku náà. Ó kà á sí ọ̀tá, ó sì tú èròjà kan tí à ń pè ní hísítámìnì jáde. Èròjà yìí ni ó ń fa sísín àti yíyún. Oríṣi méjì ni oògùn tí a fi ń dènà rẹ̀.

Ẹ wo awakọ̀ tí ó kó àlùbọ́sà ní Kánò, tí ó ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Ó sín títí, ó yà ní kẹ́míìsì, ó sì gbé Piriton mì, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Oògùn náà kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ọpọlọ, níbi tí hísítámìnì kan náà ti ń jẹ́ kí ènìyàn wà lójúfò. Nítorí náà ni ó fi ń mú ni tòògbé. Kódà, ẹni tí ó lò ó lálẹ́ lè jí kí ó rò pé ojú òun ti dá, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa lọ́ra láti tẹ búréèkì.

Loratadine, fexofenadine àti cetirizine ni oríṣi kejì. Díẹ̀ ni ó ń dé inú ọpọlọ nínú wọn. Hóró loratadine kan, oníwọ̀n mílígíráàmù 10, tó àgbàlagbà fún odindi ọjọ́ kan; ẹni tí ó bá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pe oorun padà. Cetirizine ṣì ń mú àwọn kan tòògbé, nítorí náà ọjọ́ ìsinmi ni kí awakọ̀ kọ́kọ́ dán an wò. Omi lásán ni kí a fi gbé fexofenadine mì, nítorí omi ọsàn máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọtí kún un.

Aláboyún, ọmọdé, àti ẹni tí ó ní àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń há, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Kí awakọ̀ tó sọ àìsàn rẹ̀ fún apoògùn, kí ó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Awakọ̀ tí ó béèrè yóò délé láyọ̀.