Ohun tí oníṣòwò lè rí kọ́ lára Túndé Kèlání

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà l'Ọ́jà'ba, Bẹẹrẹ àti Màpó lẹ ti wo Ṣaworoidẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é ní ìròrí wò: báwo ni Túndé Kèlání tó darí rẹ̀ ṣe fi iṣẹ́ náà ṣòwò?

Àkọ́kọ́, kò kánjú. Wọ́n bí i lọ́dún 1948. Ó ṣiṣẹ́ ní WNTV, tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, ó kọ́ṣẹ́ sí i ní London, ó sì ń di kámẹ́rà mú fáwọn ẹlòmíì, kó tó dá Mainframe sílẹ̀ lọ́dún 1991.

Ìkejì, ó mọ ìgbà. Lẹ́yìn SAP tọdún 1986, náírà já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù sinimá. Owó rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́. Fídíò ló fi ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ lọ́dún 1993.

Ìkẹta, nítòsí ló ti wá ọjà tó fẹ́ tà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, ló kọ ìwé O Le Kú tó sọ di fíìmù lọ́dún 1997, òun náà ló kọ Ṣaworoidẹ, tó jáde lọ́dún 1999. Nígbà tó di 2006, òun àtàwọn ará Benin jọ ṣe Abẹ́ní, torí ọjà Yorùbá kò parí sí bodè Ṣẹ̀mẹ̀.

Ibi tó ti dùn ún ni ayédèrú. Ẹni tó ṣe fíìmù ti náwó sórí òṣèré, kámẹ́rà àti oúnjẹ kó tó ta ẹyọ kan. Olè kò náwó ju ti àwo lásán lọ, ìdí nìyẹn tí tiẹ̀ fi ń pọ́ọ́kú. Kèlání pariwo títí. Nígbà tí Ayinla jáde lọ́dún 2021, ilé sinimá ló kọ́kọ́ gbé e lọ, níbi tí èèyàn ti ń sanwó kó tó wọlé.

Ẹ̀yin télọ̀ Bẹ́yẹrúnká, ẹ̀yin aláṣọ, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí ẹ bá gbé sítáì tuntun jáde lónìí, wọ́n lè ti máa ṣe irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ lẹ orúkọ yín mọ́ ọjà, kẹ́ ẹ sì rí i pé owó tẹ́ ẹ ná ti wọlé kí aláfarawé tó jí.