Ìbọn Ìléwọ́ Inú Àpò àti Ìbọn Èjìká Ọdẹ

Ẹ lè máa rò ó pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ nípa ìbọn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ìjálá kò lè ṣe kí ó má sọ̀rọ̀ Ògún. Ẹni tí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ Ògún, ìbọn ti wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan sí àkókò yìí, ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, ìbéèrè kan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu oníṣòwò, lẹ́nu awakọ̀, àti lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàápàá: irú ìbọn kékeré wo ni ó yẹ kí ènìyàn fi sápò nítorí àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹ̀rù ni ó bí i. Nítorí náà, ó yẹ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú àlàyé, kì í ṣe pẹ̀lú ìbáwí.

Ohun tí à ń pè ní ìbọn ìléwọ́

Ìbọn ìléwọ́ ni èyí tí a lè fi ọwọ́ kan dì mú, tí a sì lè yìn láì gbé e ti èjìká. Ìwọ̀n ihò ìbọn ni a fi ń mọ bí ọta rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ní ọdún 1905 ni ilé-iṣẹ́ FN ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù mú ìbọn kékeré kan jáde, èyí tí John Browning, ará Amẹ́ríkà, ṣe ètò rẹ̀. Ọta rẹ̀ jẹ́ 6.35 mm, àpò ẹ̀wù sì gbà á. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi irú rẹ̀ ti ń jáde: ti 5.6 mm, ti 7.65 mm, àti ti 9 mm kúkurú. Ẹ má ṣe rò pé nítorí wọ́n kéré, ohun ìṣeré ni wọ́n. Ìbọn 9 mm kúkurú ni wọ́n fi pa Franz Ferdinand ní Sarajevo ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ọdún 1914, tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní fi bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń yàn án níbi tí òfin ti fi àyè sílẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, pé ìwé òfin ilẹ̀ wọn fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn ìléwọ́ jáde kúrò nílé. Ẹni tí ó bá ń yan ìbọn níbẹ̀ ní ohun mẹ́ta láti gbé yẹ̀wò.

Èkíní ni títóbi ìbọn fúnra rẹ̀. Bí ìbọn bá ti kéré tó ni ó ti rọrùn tó láti fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í rí ibi dì mú dáadáa lára ìbọn kékeré. Ọ̀nà tí ojú fi ń sun ohun lára rẹ̀ kúrú, nítorí náà àṣìṣe díẹ̀ ní ọwọ́ a di àṣìta ní iwájú. Bí ó bá sì fúyẹ́, tí ọta rẹ̀ wá lágbára, yóò máa ti ọwọ́ padà sẹ́yìn gidigidi.

Èkejì ni títóbi ọta. Ọta 6.35 mm wúwo tó gíráàmù 3 àti díẹ̀. Ti 9 mm gígùn tí àwọn ọlọ́pàá káàkiri ayé ń lò wúwo tó 7 sí 8. Ọta kékeré lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í sábà dá ẹni tí ń sáré bọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ti 5.6 mm tún ní àbùkù mìíràn: etí ìdí kátíríìjì rẹ̀ ni ohun tí ń tan iná sí ẹ̀tù wà, ó sì máa ń kọ̀ láti dún ju àwọn tí tiwọn wà ní àárín ìdí lọ.

Ẹ̀kẹta ni irú ọta. Ọta tí a gbẹ́ ihò sí lórí ni a ṣe kí ó lè fẹ̀ nínú ara. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde láti inú ìbọn kúkurú, eré rẹ̀ lè má tó láti fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yan ọta tí a fi irin bò lórí fún ìbọn kékeré, kí ó lè wọlé jìnnà.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó rí òtítọ́ kan: ohun tí ó mú ìbọn inú àpò rọrùn láti fi pamọ́ gan-an ni ó mú un ṣòro láti lò. Láìsí ìdánrawò léraléra, ẹrù lásán ni.

Ohun tí òfin ilẹ̀ wa wí

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè náà kò dé orí yíyàn rárá. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ni èyí tí a kà léèwọ̀. Ìbọn ìléwọ́ gbogbo, ńlá àti kékeré, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ológun. Àṣẹ Ààrẹ nìkan ni ó lè mú kí ará ìlú ní i. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn ọdẹ òde òní tí a ń gba ìwé àṣẹ fún. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu. Ẹni tí a bá ká ìbọn ìléwọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó kéré jù tí òfin náà là kalẹ̀. Ọta pàápàá ní òfin tirẹ̀; ẹni tí kò ní àṣẹ kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ sílé.

Ìbọn ní agbègbè wa

Ìpínlẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ìbọn. Ní ọdún 1872 ni Glover, alákòóso Èkó, ṣí ọ̀nà Oǹdó sí òkè. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ilé. Ní 1890 ni àwọn ìjọba Òyìnbó ṣe àdéhùn ní Brussels pé kí ìbọn ìgbàlódé má wọ Áfíríkà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn oníjáwé tí ń fi òkúta ṣáná. Àdéhùn yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ṣakabùlà pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ.

Ṣakabùlà kò ṣeé fi sápò. Èjìká ni ọdẹ ń gbé e kọ́, gbogbo àdúgbò sì mọ ẹni tí ó ni ín. Ní ọdún Ògún ní Oǹdó, gbangba ni ọdẹ ń jáde sí. Gbangba kan náà ni ìjálá tí Adébóyè Babalọlá kọ ìwé lé lórí ní 1966. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó nítòsí Oǹdó, gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Ọdẹ ni Àkàrà-ògùn, ìbọn rẹ̀ kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí lítíréṣọ̀ wa wọ ayé ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, bí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti ṣe nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ni ohun ìjà ìkọ̀kọ̀ wá rí àyè jókòó nínú ìtàn. N kò sọ pé ọdẹ kò ṣìnà rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbọn tí gbogbo ènìyàn ń rí, gbogbo ènìyàn ni ó lè bi oní-ín-ní rẹ̀ léèrè. Ta ni yóò bi ti inú àpò?

Ìdáhùn

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ìbọn àti ohun abúgbàù. Ó kéré tán, ènìyàn 40 ni ó kú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rántí ọjọ́ náà kò ní fi ẹni tí ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ọta gíráàmù 3 yóò ṣe sí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀? Àwọn ajínigbé kì í dá wá, ìbọn wọn sì ti wà ní ìnà kí tiwa tó jáde nínú àpò. Àwọn àgbà ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ẹni tí ó bá yọ ìbọn kékeré sí wọn ti fún wọn ní ìdí láti yìn. Bí ó bá sì yọ ọ́ lójú ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn lóru, wọn kò ní dúró béèrè bóyá ẹni rere ni.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ẹni tí ó ń béèrè ní Àkúrẹ́ ni pé kò sí èyí tí ó tọ́ kí ó yàn. Kí ó yan àkókò ìrìn rẹ̀; kí ó yan àjọrìn ju àdárìn lọ; kí ó sọ ohun tí ó bá rí fún àwọn tí ìṣọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Kí àwa náà sì máa bi ìjọba léèrè ohun tí ó ń ṣe sí ààbò ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ ìlú ni ààbò. Àpò ẹnì kan kò gbà á.