Cape Verde: Ohun tí ó yẹ kí Àlejò Mọ̀

Ẹni tí yóò wọ ìlú onílùú ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí ọmọ Ìgàngán kan bá ń múra àtilọ sí Cape Verde, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Cabo Verde, ọ̀rọ̀ omi ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́.

Orílẹ̀-èdè yìí kò bá ilẹ̀ kankan pààlà. Erékùṣù 10 ni ó wà láàrin Òkun Àtìláńtíìkì, ní ìwọ̀-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà. Ènìyàn ń gbé orí 9 nínú wọn. Praia, ní erékùṣù Santiago, ni olú-ìlú.

Orúkọ náà ń sọ nípa ilẹ̀ tí ó ní ewé tútù, ṣùgbọ́n ara ṣóńṣó ilẹ̀ kan ní etíkun Sẹ̀nẹ̀gà ni àwọn Pọtogí ti mú un. Àwọn erékùṣù náà fúnra wọn gbẹ. Láàrin ọdún 1941 sí 1948, ọ̀dá dá, ìyàn sì mú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú lábẹ́ ìjọba Pọtogí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ni ó ti tìtorí àìrọ̀ òjò fi ilé sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Lónìí, inú òkun ni wọ́n ti ń fa púpọ̀ nínú omi tí àwọn ará ìlú ńlá ń mu, ẹ̀rọ ni ó sì ń yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí ará Ìbàràpá, nítorí ní àwọn ọdún 1980, sòbìà inú omi adágún dá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìdèrè jókòó sílé.

Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1975 ni wọ́n gba òmìnira. Èdè Pọtogí ni ti ìjọba. Kriolu ni ti ilé àti ọjà. Escudo ni owó wọn. Aago wọn fi wákàtí 2 kéré sí ti Nàìjíríà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n kí ó mú ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání.

Kí àlejò má ṣàì dé Cidade Velha, tí àwọn Pọtogí tẹ̀ dó ní ọdún 1462. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá sí òkè òkun. Bí ó bá sì padà sí ibùwọ̀, kí ó ti ẹnu ẹ̀rọ omi dáadáa. Omi tí ó bá dà nù, òkun ni onílé ti lọ wá a.