Ṣé O Mọ̀? Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Land Rover Àtijọ́

Ṣé o mọ̀ pé agbára ẹṣin 50 péré ni Land Rover àkọ́kọ́ ní? Lítà 1.6 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi han aráyé ní Amsterdam lọ́dún 1948. Nígbà tó pé ọdún 70, ní 2018, iléeṣẹ́ Land Rover fúnra rẹ̀ ki ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 5 bọ inú 150 lára ọkọ̀ Defender, àtọmọdọ́mọ Land Rover yẹn. Agbára ẹṣin bíi 400 nìyẹn: ìlọ́po mẹ́jọ!

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Rover V8? Buick ló gbé e jáde ní 1961, wọ́n sì pa á tì ní 1963. William Martin-Hurst, ọ̀gá Rover, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Land Rover nígbà náà, ló rí i ní ṣọ́ọ̀bù Mercury Marine ní Wisconsin. Ní 1965, Rover ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é. Aluminíọ̀mù ni wọ́n fi rọ ọ́, kò sì wúwo bíi V8 onírin. Ó wọ Range Rover ní 1970, ó wọ Land Rover ní 1979. Àlejò di onílé.

Ṣé o mọ ìdí tí àwọn olólùfẹ́ Land Rover àtijọ́ ní Britain fi ń wá ọkọ̀ Land Rover Discovery tó ti dógùn-ún kiri? Nítorí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 200Tdi inú rẹ̀ ni, èyí tó jáde ní 1989. Àtọmọdọ́mọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni, nítorí náà ihò bóòtù rẹ̀ ṣì bá gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ mu. Agbára ẹṣin 62 ni bàbá ní. Ọmọ ní 111.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Ibi tí kò lágbára ni agbára tuntun máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́: ṣáàfù ẹ̀yìn á kán, eyín gíà á ká. Búréèkì dúróòmù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí kì í sáré á wá di ewu. Gíà tó wà láàárín táyà méjì pàápàá ń fẹ́ àtúnṣe. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ṣáàfù tó ti inú gíábọ́ọ̀sì wá ní láti yí nígbà 4.7 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì á sì máa ké lójú títì. Ti Range Rover, tó jẹ́ 3.54, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì òde òní kò ní sítáàtì bí a bá fi bíréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀? Iṣẹ́ rẹwáyà lè pọ̀ ju ti mẹkáníìkì lọ. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ Cummins fi gbé R2.8 jáde ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì agbára ẹṣin 161, tòun ti bíréènì bọ́ọ̀sì, wáyà àti pẹ́dà rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, kó béèrè wáyà tí wọn kò gé kó tó sanwó.

Ṣé o mọ̀ pé òfin California kò gbà kí ẹ́ńjìnnì dàgbà ju ọkọ̀ lọ? Gbogbo ohun tó ń dín èéfín rẹ̀ kù sì gbọ́dọ̀ bá a wá. Ní Britain, máàkì ni ìjọba fi ń wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún bóyá ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe lè máa lo nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Nínú máàkì 14, ó ní láti ní 8 nígbà náà. Ṣáásì gba 5. Gíábọ́ọ̀sì gba 2. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan, máàkì kan ṣoṣo ló pàdánù.